Aṣọ Yóò Bò Ó: Ìbéèrè Kan lórí Òótọ́ Inú nínú Iṣẹ́ Ọwọ́

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá máa ń wí pé gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Òwe yìí pín àwọn tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà kàn sí ọ̀nà méjì: ẹni tí ó gbẹ́ igi, àti ẹni tí yóò fi ẹnu gbẹ́ ohun tí a ti gbẹ́. Ohun kan wà tí òwe náà gbà bí òtítọ́ láìsọ ọ́ jáde: pé ẹni tí yóò fẹnu gbẹ́ iṣẹ́ náà lè rí i. Bí ère bá wọ́, ojú yóò rí i. Bí ilẹ̀kùn kò bá ṣe rẹ́gí, ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ tì í yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ igi kan wà tí ó jẹ́ pé kí ó tó dé ọwọ́ oníbàárà ni a ti fi fọ́ọ̀mù àti aṣọ bo gbogbo ara rẹ̀. Gbẹ́nugbẹ́nu kò rí nǹkan kan wò níbẹ̀ ju aṣọ lọ.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni férémù orí ibùsùn. Ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀ ni egungun igi tí ó wà nínú pákó gíga tí ó máa ń dúró ní ìhà ibi tí à ń gbé orí sí lórí ibùsùn, èyí tí a fi fọ́ọ̀mù tẹ́, tí a sì fi aṣọ olówùú, aṣọ tí ń dán tàbí awọ bò. Láti Accra dé Kano, iṣẹ́ yìí ti di ara ohun tí tọkọtaya ń fi ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́. Aṣọ rẹ̀ ni à ń yàn, àwọ̀ rẹ̀ ni à ń bá ara wa jiyàn lé lórí, bọ́tìnnì tí a tò sí i ni a ń kà. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè nípa igi inú rẹ̀.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ṣòro láti béèrè, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀: kí ni gbẹ́nàgbẹ́nà jẹ oníbàárà rẹ̀ lórí apá iṣẹ́ tí oníbàárà náà kò ní rí láéláé? Ǹjẹ́ a lè sọ pé ẹnìkan purọ́ nígbà tí kò la ẹnu rẹ̀ sọ ohunkóhun? Bí ó bá sì jẹ́ pé ó purọ́, ta ni ó purọ́ fún?

Ohun tí aṣọ ń bò

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà di ọ̀rọ̀ òfuurufú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń kan férémù tí ó lágbára. Ibùsùn tọkọtaya tí ó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Férémù orí rẹ̀ ní òpó méjì tí ó dúró láti ilẹ̀ dé òkè, igi ìdábùú ní òkè, ní àárín àti ní ìsàlẹ̀, àti òpó kékeré kan tàbí méjì láàárín kí igi ìdábùú má baà tẹ̀. Ohun mẹ́rin ni ó máa ń fi ìyàtọ̀ sáàárín èyí tí ó lágbára nínú wọn àti èyí tí kò lágbára.

Èkíní ni oríkèé, ibi tí igi ti pàdé igi. Igi ní ìlà tí ó ń lọ láti ìdí rẹ̀ dé òkè, bí ẹyọ ọwọ̀ ṣe ń sùn ti ara wọn nínú ìdì ìgbálẹ̀. Ìṣó tí a bá gbá gba ẹ̀gbẹ́ igi wọlé yóò rí ohun dì mú, nítorí ó dábùú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́nrán. Ìṣó tí a bá gbá sí orí igi, níbi tí a ti gé ìlà náà, ń wọ àárín fọ́nrán lọ ní gbọnrangandan. Bí ó ṣe wọlé wẹ́rẹ́ náà ni yóò ṣe jáde wẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó mọ iṣẹ́ kì í kàn gbé orí igi kan ti ẹ̀gbẹ́ èkejì kí ó sì fi ìṣó méjì dè é lásán. Yóò gbẹ́ ihò sí ara òpó, yóò gé orí igi ìdábùú kí ó lè wọ inú ihò náà pinpin, yóò fi gọ́ọ̀mù sí i, yóò sì dì í mọ́ra títí gọ́ọ̀mù yóò fi gbẹ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè bu ìdajì kúrò lára igi kọ̀ọ̀kan kí àwọn méjèèjì lè jókòó sínú ara wọn.

Èkejì ni igun. Igi mẹ́rin tí a kàn pọ̀ ní igun mẹ́rin lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìjẹ́ pé igi kankan ṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó lórí àga tí ń mì yóò mọ ohun tí à ń wí. Igi mẹ́ta tí a kàn pọ̀ ní igun mẹ́ta kò lè yẹ̀ bẹ́ẹ̀, àfi bí ọ̀kan bá ṣẹ́ tàbí bí oríkèé kan bá tú. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ègé igi onígun mẹ́ta sí kọ̀rọ̀ férémù, tàbí kí a fi pákó pelebe tí à ń pè ní pláíwúùdù kan gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí òpó ti so mọ́ ara ibùsùn. Ká sọ pé bóòtù méjì ni a fi so òpó kan mọ́ ibùsùn, tí àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 sí ilẹ̀. Ká tún sọ pé ẹnìkan fẹ̀yìn ti òkè òpó náà ní sẹ̀ǹtímítà 100 sí ilẹ̀, pẹ̀lú agbára tí ó tó ìwúwo kìlógíráàmù 20. Sẹ̀ǹtímítà 70 ni ó wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti bóòtù. Bí bóòtù méjèèjì bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 péré jìnnà síra wọn, agbára tí yóò máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò tó nǹkan bí ìwúwo kìlógíráàmù 140. Bí a bá ya wọ́n sí sẹ̀ǹtímítà 25, yóò lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 56. Igi kan náà ni, bóòtù kan náà ni, owó kan náà sì ni. Àníyàn ẹni tí ó lu ihò nìkan ni ó yàtọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni irú igi tí a lò. Igi tí Yorùbá ń pè ní arère, tí wọ́n ń pè ní wawa ní Ghana àti samba ní Côte d'Ivoire, jẹ́ igi fífúyẹ́ tí ó rọrùn láti gé. Mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga rẹ̀ kò wúwo ju nǹkan bí kìlógíráàmù 380 lọ bí ó bá ti gbẹ. Ìrókò, tí àwọn ará Ghana ń pè ní odum, sún mọ́ 650. Arère kì í ṣe igi burúkú, ṣùgbọ́n kòkòrò ajẹgi tí ń sọ inú igi di lẹ́búlẹ́bú fẹ́ràn rẹ̀, bí ó ti fẹ́ràn afárá pẹ̀lú. Bí a bá sì fi pákó tútù ṣiṣẹ́, ìbú rẹ̀ yóò dínkù bí ó ti ń gbẹ, ohun tí ó wọ inú ihò pinpin ní ọjọ́ tí a kàn án yóò sì máa mì nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé.

Gbogbo nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni aṣọ ń bò. Ẹni tí ó bá ti dúró díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ṣe àga yóò ti gbọ́ gbólóhùn kan tí ó máa ń jáde nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, tí ọjọ́ tí a dá fún oníbàárà sì ti pé. Ọmọ-iṣẹ́ yóò béèrè pé, “Ọ̀gá, ṣé kí n fi igi sí kọ̀rọ̀ yìí?” Ọ̀gá yóò dá a lóhùn pé, “Fi í sílẹ̀. Aṣọ yóò bò ó.” Lórí gbólóhùn kúkurú yìí ni gbogbo àròjinlẹ̀ wa dá lé.

Ìbora kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Ó rọrùn láti dá ọ̀gá yìí lẹ́bi kíákíá, kí a sì wí pé ohun gbogbo tí a bá bò jẹ́ ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n àṣà tiwa gan-an kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbora jẹ́ ohun tí a ń gbàdúrà fún. A máa ń wí pé kí Ọlọ́run bò wá láṣìírí. A máa ń wí pé ènìyàn ni aṣọ mi. Ẹni tí ó bo àléébù ọmọ ìyá rẹ̀ níwájú àjèjì kì í ṣe òpùrọ́ lójú wa. Ẹni tí ó tú u síta ni kò mọ ìwà hù. Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, èdè kan náà ni ó kìlọ̀ fún wa pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, àti pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Báwo ni a ṣe lè mọ ìbora tí ó jẹ́ ọmọlúàbí yàtọ̀ sí ìbora tí ó jẹ́ ìrẹ́jẹ?

Lójú tiwa, ohun tí a lè fi dán an wò nìyí. Ẹ jẹ́ kí a ronú pé a ká aṣọ náà kúrò lójijì. Ta ni ọ̀rọ̀ náà yóò dùn? Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí a bò nìkan ni ìtìjú yóò bá, àṣírí ni ohun tí a bò, ó sì yẹ kí a bò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni àyà rẹ̀ yóò já nígbà tí ó bá mọ ohun tí òun ti ń fi ara tì, ẹ̀tàn ni.

Bí a bá gbé òṣùwọ̀n yìí lé férémù, a ó rí i pé ó tú ọ̀pọ̀ nǹkan sílẹ̀. Igi inú orí ibùsùn lè ṣàì jọ̀lọ̀. Ó lè jẹ́ oríṣi igi méjì tí àwọ̀ wọn kò bára mu. Àmì pẹ́ńsùlù lè wà lára rẹ̀, ojú kókó igi lè hàn, a sì lè fi ègé pákó tí ó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ mìíràn dí àlàfo. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ẹni tí ó bá ní dandan ni kí a fá igi inú kí ó máa dán bí igi òde ń bù kún owó iṣẹ́ láìsí ìdí. Ṣùgbọ́n oríkèé tí kò dì, igun tí kò ní alátìlẹ́yìn, igi tí kòkòrò ti ń jẹ, àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àṣírí gbẹ́nàgbẹ́nà. Ewu ẹlòmíràn ni.

Èyí mú wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ ẹwà ti bá ọ̀rọ̀ ìwà pàdé. Nínú iṣẹ́ kan tí a tẹ̀ jáde ní 1973, Robert Farris Thompson to àwọn ohun tí àwọn Yorùbá fi ń díwọ̀n ère sílẹ̀. Ìfarahàn àti dídán wà lára wọn. Ojú ni ó ń ṣe ìdájọ́ méjèèjì. Férémù tí aṣọ bò kò lè ní ìfarahàn, kò sì nílò dídán. Ṣé a ó wá sọ pé kò ní ẹwà rárá? Àwọn onímọ̀ bí Wándé Abímbọ́lá àti Rowland Abíọ́dún ti jẹ́ kí a rí i pé ọ̀rọ̀ náà “ìwà” so mọ́ “wà”: bí nǹkan ṣe wà ni ìwà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìwà lẹwà, a jẹ́ pé ẹwà férémù wà nínú bí ó ṣe wà, kì í ṣe nínú bí ó ṣe hàn. Èdè Yorùbá sì ti ní orúkọ fún irú ẹwà bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́: ìdúróṣinṣin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni a ń lò fún òpó tí kò mì àti fún ènìyàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yẹ̀.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó rí i bẹ́ẹ̀. Lára àwọn àga ọlọ́lá ilẹ̀ Asante ni èyí tí wọ́n ń pè ní asipim, àga onígi tí a fi awọ tẹ́ ojú ìjókòó rẹ̀, tí a sì fi ìṣó onídẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Àpẹẹrẹ àwọn àga ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́ ni a fi ṣe é, ṣùgbọ́n orúkọ Akan ni a sọ ọ́, ìtumọ̀ tí a sì máa ń fún orúkọ náà ni pé “mo dúró gbọin.” Ẹni tí ó bá wo àga náà yóò rí awọ àti idẹ. Síbẹ̀ nígbà tí a ó sọ ọ́ lórúkọ, a kò fi awọ pè é, a kò sì fi idẹ pè é. Ìdúró rẹ̀ ni a fi pè é.

Ìlérí tí fọ́ọ̀mù ń ṣe

A ti béèrè bóyá ẹni tí kò sọ̀rọ̀ lè purọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ jókòó sórí àpótí onígi tí a kò bo ohunkóhun lé. Yóò wò ó. Bí ó bá ń fura, yóò fi ọwọ́ mì í, yóò rọra gbé ìdí lé e, yóò sì gbọ́ bóyá ó ń dún. Igi tí ó wà ní gbangba ń jẹ́ kí ẹni tí yóò lò ó ṣe ìwádìí fún ara rẹ̀. Orí ibùsùn tí a fi fọ́ọ̀mù tẹ́ kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Rírọ̀ rẹ̀ ń pe ẹ̀yìn wá. Ó ń sọ pé, sinmi lé mi. Ẹnikẹ́ni kì í kan ìlẹ̀kùn lára tìmùtìmù kí ó tó fẹ̀yìn tì í.

Àwọn wo ni wọ́n sì ń fẹ̀yìn tì í? Abiyamọ tí ó jí ní òru láti fún ọmọ lọ́mú, tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lára ọmọ. Aláìsàn tí a gbé dìde kí ó lè mu ògì. Àgbàlagbà tí ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, tí ó sì na ọwọ́ di ohun tí ó kọ́kọ́ bà mú. Ní àkókò tí agbára wọn kéré jù ni wọ́n ń gbé ìwúwo ara wọn lé e. Bí òpó bá yẹ̀ ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àga tí ó bàjẹ́.

Níhìn-ín ni gbèsè gbẹ́nàgbẹ́nà ti bẹ̀rẹ̀. Kí a tó fi aṣọ bo férémù, oníbàárà ní ojú tí ó lè fi wò ó. Nígbà tí a bò ó tán, a ti gba ojú yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi tinútinú gbà kí a gbà á, nítorí pé ohun tí ó rọ̀ tí ó sì lẹ́wà ni ó fẹ́. Ṣùgbọ́n gbígbà tí ó gbà kò sọ ọ́ di ẹni tí kò nílò ojú. Ẹni tí ó bá di ojú ẹlòmíràn, kódà pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, ti di ẹni tí ó gbọ́dọ̀ máa ríran fún un. Nítorí náà ni a fi sọ pé irọ́ kò nílò ẹnu. Fọ́ọ̀mù ni ó ṣe ìlérí, férémù ni ó yẹ kí ó mú un ṣẹ. Ẹni tí ó bá tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí férémù tí kò lè gba ènìyàn dúró ti sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọhùn.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́

A kò gbọdọ̀ pa ẹnu gbẹ́nàgbẹ́nà mọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ó lè fi gbèjà ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ yẹpẹrẹ. Yóò wí pé: “Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Oníbàárà dúnàá-dúrà títí owó fi sọ̀ kalẹ̀ sí ìdajì. Ó ya àwòrán ohun olówó ńlá wá láti orí fóònù, ó ní kí n ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Owó aṣọ ni ó san, kò san owó igi. Pákó sì ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Ṣé èmi ni yóò máa fi oúnjẹ ọmọ mi ra ìrókò fún un?”

Òótọ́ ni. Oníbàárà tí ó fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ dára, tí kò sì bìkítà nípa igi, ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mú ohun ìwọ̀n dání lọ sí ọjà pákó, ní Bódìjà n'Ìbàdàn tàbí níbòmíràn, mọ̀ pé pákó tí a ń pè ní íńṣì 2 sí 3 kì í sábà pé bẹ́ẹ̀. Ìbòmọ́lẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí igi tó dé ṣọ́ọ̀bù. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà jẹ́ oníbàárà ẹlòmíràn tí ó ti bo nǹkan mọ́ ọn lójú.

Síbẹ̀, a ní láti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe iṣẹ́ irọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà lè fi arère kan férémù, kí ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè wí pé, “Mà, owó yìí kò ká igi líle, n ó fi arère ṣe é, n ó dín gíga rẹ̀ kù, n ó sì kàn án mọ́ ògiri.” Orí ibùsùn tí ó kúrú, tí ó so mọ́ ògiri, kò nílò agbára tí èyí tí ó ga tí ó sì dá dúró nílò, nítorí ògiri ni yóò gba ẹ̀yìn ẹni náà dúró. Òwe tí ó fi gbèjà ara rẹ̀ gan-an ti dá a lóhùn: bí eku bá kéré, kí ìtẹ́ náà kéré. Òwe náà kò sọ pé kí a fi aṣọ eku ńlá bo ìtẹ́ eku kékeré. Ohun tí owó kékeré lè dínkù ni ìtóbi, ọ̀ṣọ́ àti irú igi. Ohun tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dínkù ni òótọ́ tí ó wà láàárín ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣèlérí àti ohun tí ó lè ṣe.

A sì ti rí i nínú ọ̀rọ̀ bóòtù pé kì í ṣe gbogbo àìdára ni ó ń ti ọwọ́ owó wá. Yíya ihò méjì sí sẹ̀ǹtímítà 25 dípò 10 kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Nígbà tí aṣọ yóò bò ó bá di àṣà, kì í ṣe igi nìkan ni a ń fi ṣọ́wọ́ná. Àníyàn pàápàá, tí a kì í fi owó rà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n.

Ta ni ó ń rí férémù?

Ìbéèrè tí ó ṣòro jù ni ó kù. Ká ní ó dájú pé àṣírí kò ní tú láéláé, kí ni yóò dá ènìyàn dúró? Ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn ni Plato ti gbé irú ìbéèrè yìí kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gíríìsì. Nínú ìwé rẹ̀ tí a ń pè ní Republic, Glaucon sọ ìtàn darandaran kan ní ilẹ̀ Lydia tí ó rí òrùka kan. Bí ó bá yí òrùka náà sínú, ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́. Pẹ̀lú òrùka yìí ni ó fi pa ọba, tí ó sì gba ìjọba. Glaucon béèrè pé bí a bá fún olódodo àti ìkà ní irú òrùka bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ ìwà wọn yóò yàtọ̀? Aṣọ orí ibùsùn ni òrùka gbẹ́nàgbẹ́nà.

Àwọn kan yóò dáhùn pé òtítọ́ ní èrè: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára ni oníbàárà ń wá lọ. Ṣùgbọ́n ní 1785, Immanuel Kant ti Jámánì ti fi àpẹẹrẹ ọlọ́jà kan hàn wá tí kì í rẹ́ ọmọdé jẹ nítorí kí ọjà rẹ̀ lè tà. Ó ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ bá ohun tí ó tọ́ mu, kò sì ti inú ohun tí ó tọ́ wá. Nínú ọ̀rọ̀ férémù, èrè pàápàá kò dájú. Férémù tí kò dára lè dúró fún ọdún kan tàbí méjì, tó kí owó ti wọlé, kí oníbàárà sì ti gbàgbé ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àwọn mìíràn yóò rán wa létí pé amòòkùn-ṣolè, bí ọba ayé kò rí ọ, ti ọ̀run ń wò ọ́. Ìdáhùn àgbà ni, ó sì tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwa gbà pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní ìdáhùn tirẹ̀, tí ó bá ìdáhùn yìí rìn.

Ìdáhùn náà ni pé òrùka Glaucon kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ-iṣẹ́ wà níbẹ̀. Òun ni ó di igi mú nígbà tí ọ̀gá ń gbá ìṣó sí orí rẹ̀. Òun ni ó béèrè ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀, òun ni a sì dá lóhùn pé aṣọ yóò bò ó. Iṣẹ́ tí oníbàárà kò rí rárá, ojoojúmọ́ ni ọmọ-iṣẹ́ ń rí i. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó sì ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: bí a ṣe ń kan férémù, àti ohun tí ènìyàn lè ṣe bí a kò bá rí i. Nígbà tí ó bá gba òmìnira iṣẹ́, tí àwọn òbí rẹ̀ sì pe ènìyàn jọ láti bá a yọ̀, ẹ̀kọ́ méjèèjì ni yóò gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, yóò sì fi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀gá tí ó rò pé òun bo oríkèé kan mọ́lẹ̀ ti gbin in sínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún férémù tí òun kò ní fojú rí.

Ẹlẹ́rìí kejì wà tí kò tíì dé. Fọ́ọ̀mù máa ń tẹ̀, aṣọ máa ń ya. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a ó gbé orí ibùsùn náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn pé kí ó pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Ẹni yìí yóò yọ ìṣó kéékèèké, yóò ká aṣọ àtijọ́ kúrò, yóò sì wo inú. Kò mọ orúkọ ẹni tí ó kan án, ṣùgbọ́n yóò mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Bí ó bá rí oríkèé tí ó wọ ara wọn, yóò mi orí, yóò sì fi aṣọ tuntun bò ó. Bí ó bá rí igi tí a fi ìṣó mẹ́ta tí ó ti dípẹtà gbá mọ́ra, òun náà yóò mi orí, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì kan náà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ọwọ́ oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ ni òótọ́ sì máa ń gbà dé nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹnìkan lè ní kí a má yẹra fún ìbéèrè náà. Ká ní gbẹ́nàgbẹ́nà náà kò ní ọmọ-iṣẹ́, ká sì ní iná jó orí ibùsùn náà kí ẹnikẹ́ni tó ká aṣọ rẹ̀. Ǹjẹ́ ó ṣẹ̀ síbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní gbogbo ọdún tí abiyamọ yẹn fi ẹ̀yìn tì í láìbẹ̀rù, oríire ni ó gbé e dúró, kì í ṣe igi, òun kò sì mọ̀. A ti fi ohun tí ó ṣe iyebíye dù ú, bí kò tilẹ̀ ṣubú: ẹ̀tọ́ tí ó ní pé kí ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ ní ìdí.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti gbìyànjú láti fi hàn kò ju nǹkan mẹ́ta lọ. Ìbora kì í ṣe irọ́, àfi bí ohun tí a bò bá jẹ́ ewu ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá sọ nǹkan di rírọ̀ ti ṣe ìlérí, ó sì ti gba ojú ẹni tí yóò lò ó, nítorí náà òun ni ó gbọ́dọ̀ máa ríran fún un. Kò sì sí iṣẹ́ tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀ níbi tí a ti ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́.

Kò yẹ kí àwa tí a ń fi èdè ṣiṣẹ́ rò pé àwọn onígi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Olùkọ́ tí ó ń wo ìwé ìdánwò ní òru, tí ẹnikẹ́ni kò ní padà yẹ̀ wò, wà nídìí férémù. Ẹni tí ó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, tí ó lè fi ìtumọ̀ tí kò dá a lójú sílẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ́pọ̀, wà nídìí férémù. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fẹ̀yìn ti ohun tí a kọ, kò sì ní mì í wò. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ wa pẹ̀lú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n di igi mú, wọ́n ń retí ohun tí a ó sọ nígbà tí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí.